Nọ́ńbà Èké Lára Mọ́tò Isuada

Eku ti bímọ sínú mọ́tò náà. Kì í ṣe mọ́tò tí a ń wọ̀ lọ sí Àkúrẹ́ ni mo ń wí o. Mọ́tò iná ni, irin gìrìwò roboto tí ń yí ẹ̀rọ ìlọ̀gẹ́ àti ẹ̀rọ ìlagi, èyí tí wáyà iná mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ń wọnú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí àwọn oníṣẹ́ iná fi ń pè é ní fésì mẹ́ta. Bùrọ̀dá Ignatius rí i rà ní ilé ìlagi kan tó ti dáṣẹ́ sílẹ̀ ní Ìfọ̀n, níbi tí òjò ti ń pa á láti nǹkan bí ọdún mẹ́rin. Nígbà tó tú ìdérí rẹ̀, tó sì fi ẹsẹ̀ yí i, ìgbẹ́ eku, irun eku àti ọmọ eku mẹ́ta tó ti gbẹ háúháú dà sílẹ̀ níwájú Muslimat.

"Yéè!" Muslimat fi etí híjáàbù rẹ̀ bo imú. "Bùrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa kí ẹ tó ṣe ohunkóhun sí i."

"Fọ kí ni? Ta ni yóò tú u wò?" Ignatius ha kẹ̀lẹ̀bẹ̀ láti ọ̀fun, ó tu ú sára irin náà, ó sì fi síńgílẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀ nù ún. Ó da pẹtíróòlù díẹ̀ sínú rẹ̀, ó sá a sóòrùn fún ọjọ́ kan, ó pààrọ̀ bẹ́ríǹ rẹ̀, ó ní ó ti tó. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé agolo ọ̀dà búlúù, ó ń fọ́n ọn síṣísí. Ọ̀dà bo ibi tí irin ti dógùn-ún, ó bo gírísì àtijọ́, ó bo irun eku tó lẹ̀ mọ́ ọn. Lójú ẹni tí kò mọ̀, mọ́tò tuntun ni. Ìríra gbáà!

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Muslimat, ó wà ní kíláàsì àṣejáde ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Bàbá rẹ̀, Múrítàlá, ni gbogbo Ọ̀wọ̀ mọ̀ sí ẹni tí ń tún mọ́tò iná tó bá jóná ṣe. Yóò tú wáyà bàbà tó ti jóná kúrò nínú ikùn mọ́tò, yóò ka iye ìgbà tí wọ́n wé e, yóò wé wáyà tuntun síbẹ̀, yóò fi òwú dè é, yóò sì da fáníìṣì sí i. Ignatius kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ó gbòmìnira, ó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sínú ọgbà kan náà. Bí ilé ìwé bá ti pa, inú ọgbà yẹn ni Muslimat máa ń wà.

Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ní àṣà kan tó ń mú un bínú. Ẹni tó bá ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ wé wáyà kankan títí ọdún kan yóò fi pé. Títú ni yóò máa tú. Oṣù kẹwàá nìyí tí Muslimat ti ń fi ẹ̀mú tú wáyà jíjóná, tí aáyán ń sáré jáde sí i lọ́wọ́, tí èéfín fáníìṣì ń wọ̀ ọ́ nímú, tí èékánná rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ a máa ní ara rẹ̀ ń rùn. Ohun kan ṣoṣo tó ń wù ú láyé ni kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wé mọ́tò kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kó sì rí i kó yí. Ignatius mọ̀ bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an ló sì gbà wọlé sí i.

"Ẹnjiníà Muslimat!" ó pè é, ó ń rẹ́rìn-ín. Bàbá Muslimat ti jáde lọ tún ẹ̀rọ omi ṣe ní Iyere. "Ìwọ lo mọ nọ́ńbà lù jù nínú ọgbà yìí. Wá bá mi lu páànù yìí."

Páànù pẹlẹbẹ kékeré ni, irú èyí tí wọ́n máa ń kàn mọ́ ara mọ́tò láti fi sọ bí agbára rẹ̀ ṣe tó. Ti mọ́tò yẹn gan-an, èyí tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é, wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ Ignatius. Ó ti fi irin yọ ọ́ kúrò. Muslimat ka agbára rẹ̀: họ́ọ̀sì méje àbọ̀.

"Kí ni kí n lù sí i?"

"Mẹ́wàá."

"Ṣùgbọ́n kì í ṣe mẹ́wàá, Bùrọ̀dá."

"Kí ló wà láàárín méje àbọ̀ àti mẹ́wàá? Wò ó, ara wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bákan náà. Àwọn ìyá kan ló fẹ́ rà á, mẹ́wàá ni wọ́n bèèrè, wọn ò sì mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì." Ó sún mọ́ ọn, ó sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀. "Mọ́tò kan tó ti jóná wà nínú ṣọ́ọ̀bù mi. Mo ní wáyà tuntun. Bá mi lu páànù yìí, kí o wá fi ọwọ́ rẹ wé e. Ìwọ nìkan. Mi ò ní fọwọ́ kàn án."

Kí n sọ òótọ́ fún yín: Muslimat mọ̀. Kò sẹ́ni tó tàn án. Ohun àkọ́kọ́ tí bàbá rẹ̀ kọ́ ọ kó tó fún un ní ẹ̀mú ni pé kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ ni páànù yẹn. Tí wọ́n bá gbé mọ́tò dé ibi iṣẹ́, oníṣẹ́ iná yóò ka nọ́ńbà ara rẹ̀, òun ni yóò fi yí irin kékeré kan tí wọ́n ń pè ní ọ̀fálóòdù sí iye iná tó yẹ. Ọ̀fálóòdù yìí ni ọlọ́dẹ mọ́tò. Tí iṣẹ́ bá ti pọ̀ ju agbára mọ́tò lọ, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, òun ni yóò já iná kúrò kí ó má baà jóná. Bí nọ́ńbà bá purọ́, ọlọ́dẹ yóò máa wò ó níran ni. Gbogbo èyí ni Muslimat mọ̀, bí ẹni mọ Fátíhà.

Síbẹ̀, ó lọ sábẹ́ tábìlì bàbá rẹ̀, ó gbé àpótí irin nọ́ńbà, èyí tí wọ́n fi ń lu nọ́ńbà sára páànù, jáde. Ó kọ́kọ́ fi irin oókan lu páànù. Lẹ́yìn náà ó mú òdo. Òdo yẹn já díẹ̀ nísàlẹ̀, nítorí Muslimat ti jẹ́ kó bọ́ lulẹ̀ nígbà kan, gbogbo òdo tó bá sì ti inú ọgbà wọn jáde ni ẹnu rẹ̀ máa ń là díẹ̀. Ó gbé òòlù sókè. Kọ́! Ó gbé páànù náà fún Ignatius.

Ọjọ́ mẹ́rin ló fi wé mọ́tò ti inú ṣọ́ọ̀bù Ignatius. Nígbà tí wọ́n so iná mọ́ ọn, tó yí, tó ń dún wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ láìpariwo, ó fò sókè, ó pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀. Mọ́tò búlúù ti lọ láti ọjọ́ kejì, kò sì bèèrè ibi tó lọ.

* * *

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, wọ́n pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù. "Múra," bàbá sọ fún un. "À ń lọ sí Isuada. Mọ́tò àwọn ìyá tí ń ṣe gààrí níbẹ̀ jóná lọ́jọ́rú."

Wọn ò tíì sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà tí òórùn fi pàdé wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ mọ bí ẹ̀gẹ́ ṣe máa ń rùn tó bá ti bà jẹ́. Ẹ̀gẹ́ tí àwọn obìnrin mẹ́rìndínlógún ti wa, tí wọ́n ti rù, tí wọ́n ti bó, ló wà nílẹ̀ gègèrè. Kò sí ẹ̀rọ tí yóò lọ̀ ọ́. Ó ti dúdú, ó ti rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀, ó ń hó, omi rẹ̀ sì ń ṣàn wọ́ọ́rọ́wọ́ gba ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀rọ. Eṣinṣin bò ó tó fi dà bíi pé òkìtì náà ń mí. Ìdin ń rìn lára àwọn tó wà nísàlẹ̀. Muslimat fi híjáàbù bo imú, ṣùgbọ́n òórùn náà wọ inú aṣọ, ó wọ ẹnu rẹ̀, ó jókòó sí i lórí ahọ́n.

Àwọn obìnrin náà yí ọkùnrin kan ká, wọ́n ń pariwo lé e lórí. Dominic ni, bàbá ọlọ́mọ méjì tí wọ́n gbà láti máa bójú tó ẹ̀rọ. Wọ́n ti di aṣọ mọ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ọ̀tún. Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́yìn, ó pọn ọmọ, ó ń sunkún láìsọ̀rọ̀.

"Gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀!" Ohùn Ìyá Àbẹ̀ẹ́bí ló ròkè jù. Òun ni olórí wọn, arúgbó tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí ojú rẹ̀ mú bérébéré. "Lónìí lo máa fi ilé ẹ̀rọ yìí sílẹ̀. Ìwọ lo fi wáyà de ọ̀fálóòdù mọ́lẹ̀ kó má baà máa já, kí o lè ráyè sùn!"

"Ẹ̀yin ìyá mi, mi ò dè é," Dominic ń bẹ̀. "Mi ò sùn. Mo ṣáà gbóòórùn pé ohun kan ń jó. Kí n tó sáré dé ibi tí wọ́n ti ń pa á, ó ti gbiná. Ọwọ́ mi ni mo fi já àpò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ilé má baà jó. Ọ̀fálóòdù yẹn kò já iná. Mi ò mọ ohun tó fà á."

"Irọ́! Mọ́tò họ́ọ̀sì mẹ́wàá, tuntun, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló yẹ kó fi jóná!"

Bàbá Muslimat kí wọn, ó sì wọlé lọ síbi mọ́tò. Muslimat tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró gbagidi lójijì.

Búlúù ni.

Ọ̀dà rẹ̀ ti wú, ó ti bẹ́, ó ti ṣí bí awọ ara ẹni tí iná jó. Lábẹ́ ọ̀dà tó ṣí yẹn, irun eku tó ti jó lẹ̀ mọ́ irin, òórùn rẹ̀ sì dà pọ̀ mọ́ ti fáníìṣì jíjóná àti ti ẹ̀gẹ́ tó bà jẹ́. Itọ́ kíkan kún ẹnu Muslimat.

Bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó wo ọ̀fálóòdù tó wà lára ògiri. Kò sẹ́ni tó dè é. Wọ́n ti yí i sí iye iná tó yẹ fún họ́ọ̀sì mẹ́wàá. Ó wo ara mọ́tò, ó fi ọwọ́ wọn ìbú rẹ̀, ó mi orí. Níkẹyìn, ó fi àtàǹpàkò nu èérú kúrò lójú páànù. Ó tẹjú mọ́ ọn. Àtàǹpàkò rẹ̀ dúró lórí òdo, níbi tí ẹnu rẹ̀ ti là.

 Ó kàn gbójú sókè, ó wo ọmọ rẹ̀. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó sì tún yíjú sí àwọn obìnrin náà.

"Ta ló ta mọ́tò yìí fún yín?"

"Ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ yín ni, Ignatius," Ìyá Àbẹ̀ẹ́bí dáhùn. "Nítorí pé inú ọgbà yín ló ti jáde ni a ò fi bèèrè ìbéèrè kejì, Bàbá Muslimat. A ní tó bá ti jẹ́ ọ̀dọ̀ yín ni, ọkàn wa balẹ̀."

Bàbá sọ orí kodò. Bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wọlé sí i lára, Muslimat rí i. Ó mọ̀ pé bàbá òun ti mọ̀, pé kò sì ní sọ ọ́, pé ó ń dúró de òun ni. Ọkàn rẹ̀ ń sọ fún un pé kó panu mọ́. Dominic yóò ṣáà lọ ni. Ta ni yóò mọ̀? Òdo ṣáà ni òdo, kì í sọ̀rọ̀. Bí ó ti ń rò ó lọ́wọ́, ó rí Dominic tó fi ọwọ́ òsì wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò rẹ̀, tó ń fà á jáde díẹ̀díẹ̀ nítorí ọwọ́ ọ̀tún kò ṣeé lò. Ìríra tó mú Muslimat nígbà náà, kì í ṣe ti ẹ̀gẹ́ mọ́, kì í ṣe ti eku. Ara rẹ̀ gan-an ló kó o nírìíra.

"Kì í ṣe Bùrọ̀dá Dominic," ó sọ ọ́. Ó tún un sọ. "Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe òun. Mọ́tò yẹn kì í ṣe họ́ọ̀sì mẹ́wàá. Méje àbọ̀ ni. Ògbólógbòó ni, ẹ̀rọ yín wúwo jù fún un. Èmi ni mo lu mẹ́wàá sí i. Ẹni tó wá so iná yín ka irọ́ mi, irọ́ mi ló fi yí ọ̀fálóòdù, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí kò fi já."

Àwọn obìnrin náà yíjú sí i. 

Ìyá Àbẹ̀ẹ́bí rìn wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó mú ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó wo èékánná rẹ̀ tó dúdú. "Ọwọ́ kékeré báyìí," ó ní. Ó jù ú sílẹ̀, ó sì fi ìró nu àtẹ́lẹwọ́ tirẹ̀ bí ẹni tó fọwọ́ kan ìgbẹ́. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀, ó bu ẹ̀gẹ́ jíjẹrà lẹ́kùn-ún ọwọ́ láti inú òkìtì, ó sì dà á sí ọwọ́ Muslimat.

"Gbóòórùn rẹ̀."

"Màámà, ẹ jọ̀ọ́..."

"Mo ní kí o gbóòórùn rẹ̀! Owó ìwé àwọn ọmọ wa nìyẹn. Oúnjẹ oṣù kan nìyẹn. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ni, àbí kì í ṣe tìrẹ?"

Muslimat gbé e sún mọ́ imú. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì bì sílẹ̀ níbẹ̀, lójú gbogbo wọn. Kò sẹ́ni tó fún un lómi. Dominic ló wá bu omi sínú ife níkẹyìn, ọwọ́ òsì rẹ̀ ló fi gbé e fún un, ó sì tọrọ gáfárà pé ọ̀tún ń dun òun.

* * *

Ìyá Àbẹ̀ẹ́bí bẹ Dominic lójú gbogbo àwọn tó bú u, ó sì dá kọ́kọ́rọ́ padà fún un. Bàbá Muslimat gbé mọ́tò họ́ọ̀sì mẹ́wàá tòótọ́ tó ń tọ́jú sínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wá, ó kàn án mọ́ ẹ̀rọ wọn lọ́jọ́ kan náà. Kò tó láti tún ohun tó ti bà jẹ́ ṣe, òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ méjì ni Muslimat fi bá àwọn obìnrin yẹn kó ẹ̀gẹ́ jíjẹrà sínú kòtò. Híjáàbù tó wọ̀ lọ síbẹ̀, ó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì jù ú nù.

Ignatius ńkọ́? Nígbà tí Bàbá Muslimat dojú kọ ọ́, ẹ̀rín ló rín. "Ṣé èmi ni mo lù ú? Ọmọ yín ló lù ú. Irin nọ́ńbà yín sì ni." Muslimat dúró níbẹ̀, ó gbọ́ ọ. Ẹni tó pè é ní ẹnjiníà ló ń nàka sí i yìí. Bàbá lé e kúrò nínú ọgbà, ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ó kú tàbí pé ó wọ ẹ̀wọ̀n. Mo gbọ́ pé ó ṣì ń fọ́n ọ̀dà níbì kan, ìyẹn gan-an ló sì ń bí mi nínú jù.

Fún ọ̀sẹ̀ méjì, bàbá rẹ̀ kò bá a sọ̀rọ̀ ju kíkí lọ. Lọ́jọ́ kan ó gbé mọ́tò búlúù tó gbé bọ̀ láti Isuada síwájú rẹ̀. "Tú u," ó ní. Muslimat tú u. Ó họ ọ̀dà kúrò, ó ha irun eku kúrò, ó fọ̀ ọ́ títí irin fi funfun. Nígbà tó gbójú sókè, bàbá rẹ̀ ti gbé wáyà bàbà tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Bàbá, ọdún kan kò tíì pé."

"Wé e. Tó bá jóná, ìwọ ni yóò tún un wé."

Ó wé e, bàbá jókòó tì í, ó ń ṣọ́ gbogbo ìgbà tí wáyà bá yí po. Nígbà tó parí, bàbá sún àpótí irin nọ́ńbà mọ́ ọn. Muslimat lu méje àbọ̀ sára páànù tuntun. Ó fẹ́ dìde.

"Ó kù," bàbá rẹ̀ sọ.

"Kí ló kù, sà?"

"Orúkọ rẹ. Lù ú sábẹ́ nọ́ńbà, kí gbogbo ẹni tó bá ka nọ́ńbà lè mọ ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀."

Ó fi àwọn irin lẹ́tà inú àpótí náà lù ú, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn. Ó ṣe wọ́gọwọ̀gọ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣeé kà. Wọ́n gbé mọ́tò náà lọ sí Isuada fún ẹ̀rọ ìlọ̀gẹ́ kékeré tí agbára rẹ̀ bá a mu. Wọn ò gba kọ́bọ̀. Ìyá Àbẹ̀ẹ́bí ní kí Dominic ka ohun tó wà lára páànù fún òun, ó kà á. Ó ní kó tún un kà. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ sí Muslimat, ó gbà á lọ́wọ́ mú, ó gbé ọwọ́ ọmọ náà sún mọ́ imú rẹ̀.

"Fáníìṣì ló ń rùn," ó ní. "Ìyẹn ò burú." Kò sì fi ìró nu ọwọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi tẹ́ ẹ ń ka èyí, ẹni tó fẹ́ fi yín purọ́ kò ní sọ pé ẹ wá bá òun purọ́. Yóò wo ohun tó wù yín jù, yóò gbé e síwájú yín, yóò sì máa fi orúkọ ńlá pè yín. Tí ọ̀rọ̀ bá dé, yóò nàka sí yín. Nọ́ńbà tí ẹ bá kọ, ìwé tí ẹ bá fọwọ́ sí, iṣẹ́ tí ẹ bá ṣe, ẹnì kan tí ẹ ò mọ̀ wà níbì kan tí yóò gbà á gbọ́, tí yóò sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ san án tó bá jẹ́ irọ́. Ẹ má ṣe ohun tí ẹ kò ní lè lu orúkọ yín sábẹ́ rẹ̀. Muslimat ti wé mọ́tò mọ́kànlá láti ìgbà náà, orúkọ rẹ̀ sì wà lára gbogbo wọn.